Tọ́bò ọkọ̀ mi kò ti atẹ́gùn dáadáa mọ́ (P0299), Ìjẹ̀bú-Òde

Ọmọ Ìta-Alẹ̀ · Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọkọ̀ ilẹ̀ Jámánì ni mò ń wà, ti ọdún 2012, ẹ́ńjìnnì 2.0 tó ń lo epo bẹntiróòlù, ó ní tọ́bò. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò ti lágbára mọ́. Lánàá tí mò ń ti Ṣágámù bọ̀, mo fẹ́ ya tírélà kan sílẹ̀ kí n tó dé Ọ̀dógbolú. Mo tẹná títí ẹsẹ̀ mi fi kanlẹ̀, ọkọ̀ ń pariwo, kò sáré. Mo tún rọra padà sẹ́yìn tírélà bí ọmọ tí wọ́n bá wí. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń fọn fèrè, ojú tì mí.

Iná ẹ́ńjìnnì tàn. Wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, kóòdù P0299 ló gbé jáde. Mẹkáníìkì mi ní ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé tọ́bò ti kú, kí n wá owó òmíràn. Iye tó pè fún mi tó owó ilé ọdún kan. Ojúde Ọba sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èmi ni mo máa gbé bàbá mi àti àwọn ẹgbẹ́ wọn kiri lọ́jọ́ náà. Ṣé òótọ́ ni pé tọ́bò ti lọ?

Tòkunbọ̀ Lásán · Ajé, 8:31 alẹ́

Ọmọ ìyá, má fàkókò ṣòfò. Ọkọ̀ ọdún 2012, kí lẹ tún fẹ́ kí tọ́bò ẹ̀ ṣe? Páàtì ni mò ń tà, mo ti rí i tó. Ẹ ra Bẹ́ljíọ̀mù, ìyẹn tòkunbọ̀, tó mọ́, ẹ yí i pa dà, ẹ gbàgbé ẹ̀. Mo ní ọ̀kan nílẹ̀ pàápàá.

Bàbá Géèjì · Ajé, 9:02 alẹ́

Àbúrò, ẹ má tíì ra nǹkan kan o. Ṣágámù ni mo wà, ọkọ̀ olótọ́bò ló pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń tún ṣe.

P0299 kì í ṣe orúkọ páàtì kankan. Ohun tó ń sọ ni pé bréènì ọkọ̀ bèèrè iye búùsì kan, ìyẹn agbára tí tọ́bò fi ń ti atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnnì, ohun tó sì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ kò tó iye tó bèèrè. Ó parí. Kò sọ ẹni tó jẹ níbẹ̀. Bí ẹ bá rán ọmọ lọ pọnmi tó gbé àbọ̀ garawa wálé, ṣé kànga ló gbẹ ni, àbí garawa ló lu? Ẹni tó ní kí ẹ lọ ra tọ́bò ti ń gbẹ́ kànga tuntun láì tíì wo ìdí garawa.

Ẹ dá mi lóhùn. Tẹ́ ẹ bá tẹná, ṣé ẹ ń gbọ́ ohùn kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ṣé èéfín búlúù ń jáde? Ṣé ọ́ìlì ń dín? Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ta ló fọwọ́ kan ọkọ̀ yẹn kẹ́yìn, kí ló sì ṣe níbẹ̀?

Ọmọ Ìta-Alẹ̀ · Ajé, 9:20 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ohùn wà o! Tí mo bá tẹná, màá gbọ́ "fùùùù" níwájú, bí ìgbà tí wọ́n ń tú afẹ́fẹ́ táyà. Mo rò pé bí tọ́bò ṣe ń dún ni. Èéfín kò sí. Ọ́ìlì kò dín.

Ẹni tó fọwọ́ kàn án kẹ́yìn, ọlọ́kadà kan ló kọlu iwájú ọkọ̀ mi lóṣù tó kọjá. Páńẹ́ẹ̀lì bítà sọ bọ́ńpà iwájú kalẹ̀, ó tún un ṣe, ó kùn ún, ó dá a pa dà. Iṣẹ́ ẹ̀ mọ́, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn.

Bàbá Géèjì · Ajé, 9:26 alẹ́

Hẹ̀n-ẹ́n. Bọ́ńpà iwájú. Íńtákúlà, ohun tó ń mú atẹ́gùn tí tọ́bò tì tutù, wà lẹ́yìn bọ́ńpà yẹn. Mi ò tíì sọ nǹkan kan o, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí nọ́ńbà.

Rewáyà Ìkẹ́nnẹ́ · Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yẹn, apá tèmi nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, ẹ ṣí ibi tó ń fi nọ́ńbà hàn lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ibi kóòdù. Ẹ wá sẹ́ńsọ̀ MAP, èyí tó ń wọn agbára atẹ́gùn tó ń wọ ẹ́ńjìnnì. Nọ́ńbà mẹ́ta la fẹ́.

Àkọ́kọ́: ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ má tíì tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, nítorí náà afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run nìkan ni sẹ́ńsọ̀ ń wọ̀n. Níbi tiwa yìí, ó yẹ kó wà ní nǹkan bí 100 kPa (òṣùwọ̀n agbára atẹ́gùn). Bó bá sọ 80 tàbí 120, sẹ́ńsọ̀ ń parọ́, gbogbo ìyókù tó bá sọ, irọ́ ni.

Èkejì: ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó gbóná, ẹ jẹ́ kó dúró lórí áídù láì tẹná, kí AC wà ní pípa.

Ẹ̀kẹta: ẹ wá ojú títì tó tẹ́jú tí kò sí èrò, gíà kẹta, ẹ tẹná dé ilẹ̀ láti RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) 2000 títí dé 4000. Kí ẹnì kan mú fóònù lọ́wọ́ o, ẹ má wo ó fúnra yín. Ẹ kọ iye tí bréènì bèèrè àti iye tó rí gbà sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́ · Ìṣẹ́gun, 7:40 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Àpapọ̀ ni sẹ́ńsọ̀ MAP ń kà: afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run pẹ̀lú èyí tí tọ́bò fi kún un. Géèjì tí àwọn ọ̀dọ́ ń lẹ̀ mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tí tọ́bò fi kún un nìkan ló ń kà. Bí MAP bá sọ 180 kPa, búùsì kì í ṣe 180. 80 ni, ìyẹn bí 11.6 psi, òṣùwọ̀n tí fọ́kánáísà ń lò. Ọ̀rẹ́ mi kan lọ bá mẹkáníìkì jà nítorí pé fóònù rẹ̀ sọ 26 psi tí géèjì sì sọ 11. Àwọn méjèèjì ń sọ òótọ́ kan náà.

Ọmọ Ìta-Alẹ̀ · Ìṣẹ́gun, 9:48 alẹ́

Àbúrò mi ló mú fóònù, ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ la gbà. Àbọ̀ rèé:

Kọ́kọ́rọ́ nìkan: 100.
Áídù: 38.
Gíà kẹta, RPM 4000, iná dé ilẹ̀: ó bèèrè 190, ó rí 124.

Àbúrò mi ní kí n sọ pé kò ní bá mi ṣe irú ẹ̀ mọ́.

Bàbá Géèjì · Ìṣẹ́gun, 10:15 alẹ́

Ẹ kú ewu. Nọ́ńbà yìí ti sọ̀rọ̀ púpọ̀.

100 yẹn: sẹ́ńsọ̀ kì í parọ́. 38 lórí áídù: ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ dáadáa, kò sí ibi ńlá tó lu lẹ́yìn throttle, ilẹ̀kùn tó ń ṣí fún atẹ́gùn tẹ́ ẹ bá tẹná. 124: tọ́bò ń yí. Bí kò bá yí rárá, kò lè kọjá 100. Ohun tí wọ́n bèèrè lórí afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run ni 90, 24 ló délé. Níbo ni 66 tó kù wà?

Ibi tó lè gbà lọ kò ju mẹ́rin lọ. Ó lè máa jò lójú ọ̀nà, láàárín tọ́bò àti throttle: hóòsì, íńtákúlà, ìsopọ̀ wọn. Irú jíjò bẹ́ẹ̀ kì í hàn lórí áídù, torí pé tọ́bò kò tíì ti atẹ́gùn sínú páìpù yẹn lásìkò náà. Ó lè jẹ́ pé diverter valve, èyí tó máa ń dá atẹ́gùn pa dà tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, kò tì mọ́. Ó lè jẹ́ wastegate, ilẹ̀kùn kékeré tí èéfín ń gbà yà kó má bàa yí tọ́bò jù, ló ṣí sílẹ̀ gbayawu. Tàbí kẹ̀, sáyílẹ́ńsà dí, èéfín kò ráyè jáde, tọ́bò kò rí ohun tí yóò yí i.

Tọ́bò fúnra rẹ̀ ni màá fi ṣe ìkarùn-ún. Ẹ fi ohùn "fùùùù" yẹn mọ́ bọ́ńpà tí wọ́n sọ kalẹ̀, ẹ rí ibi tí ojú mi ń lọ.

Tòkunbọ̀ Lásán · Ìṣẹ́gun, 10:33 alẹ́

Ẹ̀yin náà ń fi gírámà dá wa lágara. Hóòsì tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ sórí wastegate ló lu, gbogbo ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lu, búùsì dín. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀, bí kò bá dáa ẹ wá ra tọ́bò.

Bàbá Géèjì · Ìṣẹ́gun, 10:52 alẹ́

Ọ̀gá, ẹ má bínú, òdì kejì lẹ sọ yẹn fún irú ọkọ̀ tirẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n là á, torí ìṣìnà yìí ti ná àwọn èèyàn lówó.

Oríṣi mẹ́ta ni wastegate tí mo ti fọwọ́ kàn. Ti ọkọ̀ àbúrò yìí, súpíríǹgì ló ń tì í pa, búùsì fúnra rẹ̀ ló ń gba hóòsì tẹ́ẹ́rẹ́ lọ ṣí i. Bí hóòsì yẹn bá lu, kò sí ohun tí yóò ṣí ilẹ̀kùn, búùsì á PỌ̀ JÙ ni, P0234 lẹ máa rí. Ohun tó lè mú un dín níbẹ̀ ni kí sólẹ́nọ́ìdì tó ń pín atẹ́gùn fún hóòsì náà há sójú kan, kó máa rán gbogbo búùsì lọ ṣí ilẹ̀kùn, tàbí kí apá ilẹ̀kùn jẹ, kó má tì dáadáa mọ́.

Oríṣi kejì, fákúùmù, ìyẹn fífa atẹ́gùn, ló ń tì í pa. Ìyẹn ni hóòsì rẹ̀ bá lu, ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí, búùsì á dín. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín ti tọ̀nà. Oríṣi kẹta, mọ́tò iná ló ń wà á, kò sí hóòsì rárá.

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè èwo nínú mẹ́ta ló wà lára ọkọ̀ yín, kí ẹ tó dá hóòsì lẹ́bi.

Tòkunbọ̀ Lásán · Ìṣẹ́gun, 10:58 alẹ́

Ó dáa, Bàbá. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n tọ́bò mi ṣì wà nílẹ̀ o 😄

Ìyá Ìbejì Ìpẹ̀rù · Ọjọ́rú, 6:30 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kó má bàa ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì. Ọkọ̀ Kòríà ni mò ń wà, 1.6 olótọ́bò. Kóòdù yìí kan náà. Wọ́n ní tọ́bò ni, mo ra tọ́bò. Owó àjọ mi tí mo kó ló lọ sí i. Wọ́n dè é tán, ọkọ̀ kò yàtọ̀ sí bó ṣe wà! Ó kàn ń gbóná sí i, ó sì ń jẹ epo bí ẹni jẹ gààrí.

Ẹlòmíì ló wá bi mí pé ṣé ọkọ̀ náà ti gbọ̀n rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kọ́ìlì kan tó ń fún pọ́ọ̀gì níná kú nígbà kan, mo sì ń wà á bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì torí pé owó kò sí. Ó ní ìyẹn ni. Epo tí pọ́ọ̀gì yẹn kò jó ló ń lọ jó nínú kátálíìsì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ lójú ọ̀nà sáyílẹ́ńsà, ó yọ́ inú ẹ̀, ó dí i. Ó tú sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà ṣáájú kátálíìsì, ó dè géèjì sínú ihò ẹ̀. Ó ní ní RPM 2500 kò yẹ kó kọjá 3 psi. Tèmi lé ní 7. Nígbà tí wọ́n tú kátálíìsì, mo fojú mi rí i: ó yẹ kí inú ẹ̀ rí bí afárá oyin, tèmi dà bí ṣúgà tó yọ́ tó tún gan.

Tọ́bò mi àtijọ́ kò ní nǹkan kan. Ẹni tó yọ ọ́ ti kó o lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́ · Ọjọ́rú, 6:51 àárọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. "Ẹni tó yọ ọ́ ti kó o lọ" dùn mí ju gbogbo ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ìta-Alẹ̀ · Ọjọ́rú, 12:10 ọ̀sán

Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an, Mà. Bàbá, báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tó ti ń jò? Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń fín èéfín wọ inú rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹni tó ní in nítòsí.

Bàbá Géèjì · Ọjọ́rú, 2:45 ọ̀sán

Ẹ̀rọ èéfín dáa, ṣùgbọ́n fọ́kánáísà àdúgbò yín tó. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi rèé.

Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn púlọ́ńbà, ẹ ra ìdérí páìpù PVC tó máa wọ ẹnu hóòsì tó wọ tọ́bò. Ẹ lu ihò sáàárín rẹ̀, ẹ fi fááfù táyà tí kì í lo túúbù sí i, irú èyí tí fọ́kánáísà ń jù nù. Ẹ tú hóòsì fílítà afẹ́fẹ́ kúrò lẹ́nu tọ́bò, lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀ MAF tó ń wọn iye atẹ́gùn tó ń wọlé, ẹ ki ìdérí náà bọ ibẹ̀, ẹ fún kílíìpù mọ́ ọn pinpin. Páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí tó ṣí sí ibẹ̀, ẹ dí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ atẹ́gùn á wọ inú ẹ́ńjìnnì lọ, á ti síìlì ọ́ìlì síta, ẹ sì ti dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ nìyẹn.

Kí fọ́kánáísà fún un ní atẹ́gùn díẹ̀díẹ̀. 10 psi tó. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì o, ẹ pa rédíò, ẹ ní kí àwọn ọmọdé dákẹ́. Ẹ fetí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ po ọṣẹ mọ́mi kó rú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí gbogbo ìsopọ̀, láti ìdí tọ́bò dé throttle. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ni.

Ẹ tún wo ibi tó lọ́ràá. Ìkùukùu ọ́ìlì díẹ̀ máa ń wà nínú páìpù yẹn ní gbogbo ìgbà. Ibi tó bá ti lu, á fín ọ́ìlì síta, erùpẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn. Nínú erùpẹ̀ pupa tiwa yìí, ojú lásán ni mo fi ń mú ìdajì wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́ · Ọjọ́rú, 3:02 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, kí fọ́kánáísà má fi táyà tírélà ṣe òdiwọ̀n o. Kó má kọjá 15 psi lọ́nàkọnà, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró kọjú sí ìdérí yẹn. Bó bá fò, eyín ló máa bá pàdé.

Ọmọ Ìta-Alẹ̀ · Àbámẹ́ta, 1:37 ọ̀sán

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run ló máa san yín lẹ́san.

Fọ́kánáísà wa rò pé orí mi ti dàrú nígbà tí mo gbé ìdérí PVC wá bá a. Ó ní "ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ fọn ọkọ̀ bí bálúùnù ni?" A ti tú bọ́ńpà sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó fún un ní atẹ́gùn, géèjì kò tilẹ̀ gòkè. Fùùùù! Ohùn yẹn gan-an! A kò nílò ọṣẹ.

Níbi tí hóòsì ńlá ti wọ ìdí íńtákúlà lápá òsì, kílíìpù kò sí níbẹ̀. Wáyà ni wọ́n fi so ó. Wáyà tí wọ́n fi ń di irin nílé kíkọ́, wọ́n yí i nígbà méjì, wọ́n fi pínsì lọ́ ọ. Wọ́n tún wá fi tépù dúdú wé e lórí kó lè mọ́ lójú! Ẹnu hóòsì ti ya ní gígùn ìka méjì, ibi tí wáyà ti gé e. Gbogbo abẹ́ ibẹ̀ lọ́ràá, erùpẹ̀ pupa lẹ̀ mọ́ ọn bí epo tó dà sórí gààrí.

Ìyẹn ni iṣẹ́ tí mo ní ó mọ́.

Bàbá Géèjì · Àbámẹ́ta, 1:50 ọ̀sán

Kílíìpù rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí irinṣẹ́ ẹnì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ gé ibi tó ya kúrò bí hóòsì bá gùn tó, bí kò bá gùn tó ẹ ra tuntun. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ẹ nu ọ̀rá kúrò lẹ́nu íńtákúlà kó gbẹ kí ẹ tó dè é, torí hóòsì tó bá jókòó sórí ọ̀rá á tún yọ̀ bọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tẹná.

Ọmọ Ìta-Alẹ̀ · Ajé, 8:20 alẹ́

Mo ra hóòsì àti kílíìpù onísúkúrúù tó fẹ̀. A tún lọ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ (mo fi ọ̀jọ̀jọ̀ bẹ àbúrò mi). Ó bèèrè 190, ó rí 168. Ọkọ̀ ti yàtọ̀! Ṣùgbọ́n lónìí tí mo lọ Ìjẹ̀bú-Igbó, iná tún tàn. P0299 náà ni. Ohùn fùùùù ti lọ o. A tún fi ìdérí PVC dán an wò, 10 psi dúró digbí, ọṣẹ kò hó níbì kankan.

Tòkunbọ̀ Lásán · Ajé, 8:25 alẹ́

Èmi ò sọ nǹkan kan o.

Rewáyà Ìkẹ́nnẹ́ · Ajé, 9:11 alẹ́

Ṣé ìgbà tí RPM bá ga ló ń já, àbí láti ìsàlẹ̀? Ẹ fi àkọsílẹ̀ fóònù ránṣẹ́ sí mi.

[…]

Mo ti rí i. Láti 2500 ló ti ń fi nǹkan bí 20 dín sí èyí tó bèèrè, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bréènì ti ń rán sólẹ́nọ́ìdì wastegate níṣẹ́ dé òpin agbára ẹ̀, 95%, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ti ilẹ̀kùn. Ìyẹn ni pé kì í ṣe bréènì ló mọ̀ọ́mọ̀ dín in kù. Bó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ń dún kọ̀kọ̀ nínú ni, tàbí epo kò dáa, iye tó ń bèèrè gan-an ló máa já wálẹ̀. Tiyín ṣì ń bèèrè 190 gbọin.

Mo dán sólẹ́nọ́ìdì náà wò látọ̀dọ̀ mi? Rárá, ẹ̀yin lẹ máa ṣe é: ẹ fi ẹ̀rọ pàṣẹ fún un kó ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́ bóyá ó ń dún "ta-ta-ta". Bó bá dún, ọ̀rọ̀ kù sọ́wọ́ Bàbá.

Ọmọ Ìta-Alẹ̀ · Ìṣẹ́gun, 6:15 alẹ́

Ó dún ta-ta-ta.

Bàbá Géèjì · Ìṣẹ́gun, 7:00 alẹ́

Diverter valve nìyẹn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú. Ẹ wo ìdí tí ọṣẹ kò fi mú un. Lára tọ́bò ló wà, àárín ibi tí atẹ́gùn ti ń jáde àti ibi tó ti ń wọlé. Bí rọ́bà inú rẹ̀ bá ya, atẹ́gùn tí tọ́bò ti tì síta á tún padà sẹ́nu rẹ̀, á máa yí po lójú kan. Inú ló ti jò bọ́ sí inú. Nígbà tí ẹ fi ìdérí PVC fọn ún, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rọ́bà yẹn ló ní 10 psi, kí ni yóò wá jò síta tí ọṣẹ á fi hó?

Bọ́òtù mẹ́ta ló dì í mú, abẹ́ tọ́bò. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ máa sun apá. Ẹ tú u, ẹ fi ìka ti àárín rọ́bà náà yípo, ẹ gbé e sí ojú oòrùn.

Ọmọ Ìta-Alẹ̀ · Ọjọ́bọ̀, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Ó ya. Ẹ̀là tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná, mi ò bá má rí i bí mi ò bá nà án. Mo ra tuntun tó jẹ́ ti písítọ̀n, kì í ṣe olórọ́bà. Owó rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tí wọ́n ní kí n fi ra tọ́bò.

Ó bèèrè 190, ó rí 189. Àbúrò mi ló ń wà á fúnra ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Ìyá Ìbejì Ìpẹ̀rù · Ọjọ́bọ̀, 5:52 ìrọ̀lẹ́

Alhamdulilahi! Inú mi dùn, ó sì tún ń dùn mí.

Tòkunbọ̀ Lásán · Ọjọ́bọ̀, 8:08 alẹ́

Mo kí yín kú oríire, mo fi tọkàntọkàn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ fún ẹni tí tọ́bò rẹ̀ bá kú lóòótọ́, torí wọ́n wà. Tẹ́ ẹ bá wá ra tòkunbọ̀ lọ́wọ́ wa, ẹ má wo bó ṣe ń dán. A máa ń fọ̀ ọ́. Ẹ di orí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ fà á síta, ẹ tì í wọlé. Kò yẹ kó rìn ní ìrìn yẹn rárá tí ọwọ́ fi máa mọ̀ ọ́n. Ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì: ìyẹn lè rìn díẹ̀ tí kò bá sí ọ́ìlì nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí abẹ̀bẹ̀ má kan ògiri ilé rẹ̀. Ẹ wo etí abẹ̀bẹ̀ náà: bó bá ti jẹ, òkúta ti wọ ibẹ̀ kọjá. Ẹni tí kò bá jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ fi í sílẹ̀.

Bàbá Géèjì · Ọjọ́bọ̀, 8:30 alẹ́

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, ẹ ṣeun. Màá fi kan kún un: ẹ bèèrè ohun tó pa èyí tí ẹ fẹ́ yọ. Tọ́bò kékeré lè yí ju ọ̀kẹ́ mẹ́wàá lọ ní ìṣẹ́jú kan, orí ọ́ìlì ló jókòó sí. Bí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ọ́ìlì lọ fún un bá ti dí pẹ̀lú ọ́ìlì tó gan, ẹ de tuntun mọ́ ọn, òun náà á kú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ó wá máa ṣépè fún ẹni tó tà á. Ẹ yí páìpù yẹn pa dà, ẹ yí ọ́ìlì pa dà, ẹ ra ọ́ìlì lọ́wọ́ ẹni tó dá yín lójú, ayédèrú ti pọ̀ jù.

Àbúrò, ọ́ìlì tiyín ńkọ́? Ìgbà wo lẹ yí i kẹ́yìn?

Ọmọ Ìta-Alẹ̀ · Ọjọ́bọ̀, 8:41 alẹ́

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n dáhùn lọ́la.

Bàbá Géèjì · Ọjọ́bọ̀, 8:42 alẹ́

Mo ti gbọ́ ìdáhùn.

Ìyá Ìbejì Ìpẹ̀rù · Ẹtì, 7:15 àárọ̀

Ọmọ Ìta-Alẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìdérí PVC yẹn nù. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọkọ̀ mi kiri yẹn, ó ń ṣe mí bíi pé tèmi náà ń dún fùù díẹ̀. Mo lè wá mú un ní Sátidé, màá ti Ìpẹ̀rù já sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ kí ẹ̀gbọ́n mi.

Ọmọ Ìta-Alẹ̀ · Ẹtì, 7:30 àárọ̀

Ó wà ní bọ́ọ̀tù, Mà. Ẹ wọn ẹnu hóòsì tọ́bò tiyín kí ẹ tó máa bọ̀, íńṣì méjì àbọ̀ ni èyí. Bí tiyín bá kéré sí i, ẹ ra ìdérí tó bá a mu lọ́dọ̀ àwọn púlọ́ńbà, a máa yọ fááfù inú tèmi sínú ẹ̀. Fọ́kánáísà ti ń bèèrè pé ọjọ́ wo ni ẹlòmíì tún ń bọ̀.